Ta Ni Ó Wọlé, Ta Ni Ó Jáde? Kíka Èsì Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Kékeré Orí Ayélujára àti Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀ fún Olùkọ́ Èdè Abínibí

Àṣamọ̀

Bí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan bá gbé èsì rẹ̀ jáde, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Iṣẹ́ yìí yẹ èsì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kéékèèké orí ayélujára ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà wò, ní pàtàkì àwọn tí ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboogbò kò bá lára mu. A ṣe àlàyé irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wọ ibẹ̀, bí òfin ṣe ní kí á ka àwọn tí ó jáde, àti ìdí tí iye kékeré fi máa ń tan ènìyàn jẹ. A fi hàn pé èsì tí kò bá sọ irú ẹni tí ó wọlé kò tíì sọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe. Ní ìparí, a fa ẹ̀kọ́ yọ fún olùkọ́ èdè abínibí ní Nàìjíríà, ẹni tí kíláàsì rẹ̀ sábà máa ń kéré, tí èsì kíláàsì náà sì lè di ẹ̀rí tí wọn yóò fi pa á rẹ́.

1.0 Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn nínú ètò ẹ̀kọ́ òde òní. Ọmọ kan ń gba inú kíláàsì lọ sí ibi ìwé-ẹ̀rí, òmíràn ń gba ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, òmíràn sì jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà nínú yàrá tí ó ń gbé. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá dé ọjà tán, òṣùwọ̀n kan náà ni a sábà máa ń fi wọn ọjà wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó mú wa kọ iṣẹ́ yìí ni pé àwa olùkọ́ èdè abínibí mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá na ìwé èsì síta tí ó sì béèrè pé, “Ṣé irú èsì báyìí ni ó yẹ kí á máa náwó lé lórí?” Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án bá jókòó fún ìdánwò Yorùbá, Ígbò tàbí Haúsá, tí mẹ́rin sì kùnà, wọn a ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kíláàsì tí ó kùnà. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ẹni tí àwọn mẹ́rin náà jẹ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn ní Amẹ́ríkà ti bá irú ìbéèrè yìí fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin orílẹ̀-èdè náà sì ti gbìyànjú láti dá a lóhùn. Ó yẹ kí á kọ́gbọ́n lára wọn.

2.0 Irú Ilé-Ẹ̀kọ́ tí À Ń Sọ

Ẹ̀kọ́ girama orí ayélujára kì í ṣe ohun tuntun mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ orí ayélujára ti ìpínlẹ̀ Florida, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbòòrò, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997. Láti ìgbà náà ni irú wọn ti pín sí oríṣi púpọ̀. Ó yẹ kí á ya méjì sọ́tọ̀.

Oríṣi kìíní ni ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tí ó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ìpínlẹ̀ kan. Oríṣi kejì ni ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ àgbègbè dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí nǹkan ti dàrú mọ́ lọ́wọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboogbò. Èyí ni a ó máa pè ní ilé-ẹ̀kọ́ àfidípò nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé a fi dípò èyí tí kò bá ọmọ náà lára mu ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè má tó ọgọ́rùn-ún lápapọ̀. Olùkọ́ mọ orúkọ gbogbo wọn, ó sì mọ èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán tí ó fi jẹ́ pé òru ni ó ń ráyè ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

3.0 Àwọn tí Ó Wọlé

Kí á tó lè sọ bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ṣe sí, ó yẹ kí á mọ irú ènìyàn tí ó gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà fún wa ní àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere. Níbẹ̀, kí ilé-ẹ̀kọ́ tó lè gba ipò ilé-ẹ̀kọ́ àfidípò nínú ètò ìṣirò èsì ìpínlẹ̀ náà, ó kéré tán ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn tí ewu wà pé wọ́n lè má parí ẹ̀kọ́. Lára àwọn tí ìlànà náà dárúkọ ni:

(i) àwọn tí wọ́n ti lé kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn;
(ii) àwọn tí ó lóyún tàbí tí ó ti bímọ tí wọ́n ń tọ́;
(iii) àwọn tí ó ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ rí tí wọ́n sì padà wá;
(iv) àwọn tí ó ń sá ní ilé-ẹ̀kọ́ lemọ́lemọ́;
(v) àwọn tí iye ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti yege nínú rẹ̀ kò tó ti ẹgbẹ́ wọn;
(vi) àwọn ọmọ tí ìjọba fi sí ọ̀dọ̀ alágbàtọ́, àti àwọn tí kò ní ilé gidi tí wọ́n ń gbé.

Ìpínlẹ̀ Colorado náà ní irú ìlànà yìí, àmọ́ ti wọn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n béèrè.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú olùkọ́ wo àkójọ yìí. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ó sọ pé ọmọ náà kò lọ́pọlọ. Ohun tí ó sọ ni pé àkókò ti lọ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 17 tí iye ẹ̀kọ́ tí ó ti yege nínú rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún 15 lọ lè jẹ́ ọlọ́pọlọ pípé. Ọdún méjì ni ó jẹ gbèsè, kì í ṣe làákàyè.

A kò gbọdọ̀ fi èyí dá gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ orí ayélujára mọ̀. Àwọn ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí National Education Policy Center gbé jáde láàárín ọdún 2013 sí 2019 fi hàn pé nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ orí ayélujára tí wọ́n ṣírò lápapọ̀, ìpín aláwọ̀ funfun pọ̀ ju ti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gbogboogbò lọ, ìpín àwọn ọmọ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ilé wọn sì kéré. Nítorí náà, “orí ayélujára” nìkan kò tó láti sọ irú ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì lè máa lo kọ̀ǹpútà kan náà àti ìwé kan náà, kí àwọn tí ó jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà náà sì yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru.

4.0 Bí Òfin Ṣe Ń Ka Àwọn tí Ó Jáde

Títí di bí ọdún 2008, oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbà ka àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn pàṣẹ pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa lo òṣùwọ̀n kan ṣoṣo. Èsì àkọ́kọ́ tí ó tẹ̀lé e, ti ọdún ẹ̀kọ́ 2010 sí 2011, fi hàn pé ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orílẹ̀-èdè náà ni ó jáde ní ìwọ̀n ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ó fi di ọdún 2018 sí 2019, ó ti gun òkè dé ìdá 86.

Òṣùwọ̀n náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. A ó kó gbogbo àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹsàn-án ní ọdún kan pọ̀. Ẹni tí ó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wá, a ó fi kún wọn. Ẹni tí ó bá ṣí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tí ìwé ẹ̀rí sì wà, tàbí tí ó kúrò ní orílẹ̀-èdè, tàbí tí ó kú, a ó yọ ọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, a ó wo iye àwọn tí ó gba ìwé-ẹ̀rí girama gangan nínú wọn. Ẹni tí ó bá pa ẹ̀kọ́ tì, inú iye tí a fi ń pín ni yóò wà síbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì gba ìwé-ẹ̀rí àfidípò bíi GED, a kò ní í kà á mọ́ àwọn tí ó jáde.

Òṣùwọ̀n yìí dára fún ilé-ẹ̀kọ́ gbogboogbò, nítorí kò jẹ́ kí wọ́n lè fi àwọn tí ó sá lọ pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ àfidípò. Akẹ́kọ̀ọ́ lo ọdún mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, kò yege nínú ju ìdajì ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, ó sì wá ṣí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré orí ayélujára ní ọdún kẹrin. Láti ọjọ́ náà lọ, ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò tirẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kejì sì fi í kún tirẹ̀. Aago ọdún mẹ́rin kò bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Bí ọmọ náà bá gba ìwé-ẹ̀rí ní ọdún karùn-ún, èyí tí í ṣe iṣẹ́ takuntakun, ìkùnà ni òṣùwọ̀n ọdún mẹ́rin yóò kọ sí ọrùn ilé-ẹ̀kọ́ kejì. Ẹni tí ó gba ẹrù tí ó ti wó sílẹ̀ ni wọ́n ní kí ó san gbèsè ẹrù.

Òfin Every Student Succeeds tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2015 mọ ìṣòro yìí. Ó ní kí ìpínlẹ̀ kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ girama èyíkéyìí tí ìdá kan nínú mẹ́ta akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò bá jáde sínú ìwé àwọn tí ó nílò àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ó gba ìpínlẹ̀ láàyè láti lo òṣùwọ̀n ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àfikún sí ti ọdún mẹ́rin. Ó tún fàyè sílẹ̀ fún àtúnṣe tí ó yàtọ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí púpọ̀ nínú akẹ́kọ̀ọ́ wọn jẹ́ àwọn tí ó padà sí ẹ̀kọ́ tàbí tí ó ti bọ́ sẹ́yìn gan-an. Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ girama tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún, ìpínlẹ̀ lè gbà kí àwọn aláṣẹ àgbègbè má fi dandan ṣe ètò àtúnṣe náà. Àwọn tí ó ṣe òfin gbà pé iye kékeré ní ìwà tirẹ̀.

5.0 Ìwà Iye Kékeré

5.1 Ìwọ̀n ẹnì kan

Nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ 500, ẹnì kan kì í ju ìdá márùn-ún nínú ìdá kan lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ẹgbẹ́ ogún akẹ́kọ̀ọ́, ẹnì kan jẹ́ ìdá márùn-ún odindi. Bí ọmọ kan bá ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, tí òmíràn sì bá ìyá rẹ̀ kó lọ láìsí ìwé ẹ̀rí, èsì ilé-ẹ̀kọ́ náà ti fi ìdá mẹ́wàá lọ sílẹ̀. Ìwé ìròyìn yóò kọ ọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ náà ń jó àjórẹ̀yìn. Bí ọdún tí ó tẹ̀lé e bá sì sàn, wọn a ní ọ̀gá tuntun ni ó tún un ṣe. Ó lè jẹ́ pé kò sí ohunkóhun tí ó yí padà nínú ìkọ́ni níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn ìpínlẹ̀ fi ní iye tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ tó kí wọ́n tó gbé èsì rẹ̀ síta. Ìdí kejì ni àṣírí ọmọ. Òfin ọdún 1974 tí ó dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ kí a lè fi èsì mọ ẹni tí ó ni ín. Bí ìwé bá sọ pé ọmọ méjì ni ó lóyún nínú kíláàsì kan, tí méjèèjì sì kùnà, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ ẹni tí à ń sọ.

5.2 Ilé-ẹ̀kọ́ méjì nínú àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú ya àwòrán ilé-ẹ̀kọ́ méjì. Àpẹẹrẹ lásán ni wọ́n, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ kan pàtó. Kìíní jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboogbò tí ó ní 200 akẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹgbẹ́ ìwọlé kan. Kejì jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ àfidípò orí ayélujára tí ó ní 20. A pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà méjì: àwọn tí ó wọlé ní ìdọ́gba pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, àti àwọn tí ó wọlé pẹ̀lú àfàsẹ́yìn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboogbò:
Àwọn tí ó wọlé ní ìdọ́gba: 180, àwọn tí ó jáde: 162 (ìdá 90)
Àwọn tí ó ní àfàsẹ́yìn: 20, àwọn tí ó jáde: 8 (ìdá 40)
Àpapọ̀: 200, àwọn tí ó jáde: 170 (ìdá 85)

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àfidípò orí ayélujára:
Àwọn tí ó wọlé ní ìdọ́gba: 4, àwọn tí ó jáde: 4 (ìdá 100)
Àwọn tí ó ní àfàsẹ́yìn: 16, àwọn tí ó jáde: 8 (ìdá 50)
Àpapọ̀: 20, àwọn tí ó jáde: 12 (ìdá 60)

Ẹni tí ó bá wo àpapọ̀ nìkan yóò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ gbogboogbò fi ìdá 25 ju ìkejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó ní àfàsẹ́yìn rí àǹfààní ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ju ti ńlá lọ, èyí tí ó wọlé ní ìdọ́gba náà rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ṣe dáadáa jù nínú ìlà méjèèjì ni ó gbẹ́yìn nínú àpapọ̀! Kì í ṣe idán. Ohun tí ó fà á ni pé mẹ́rin nínú márùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni ó ní àfàsẹ́yìn, nígbà tí ó jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́wàá ní ilé-ẹ̀kọ́ ńlá.

Ìkìlọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Ọmọ mẹ́rin tí ó jáde nínú mẹ́rin kò tó ohun tí à ń fi yangàn, nítorí bí ẹnì kan ṣoṣo bá kùnà, ìdá 100 di ìdá 75. Bákan náà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdá 60 tí yóò gbé ilé-ẹ̀kọ́ náà sínú ìwé àwọn tí ó nílò àtúnṣe àti ìdá 70 tí yóò yọ ọ́ níbẹ̀ kò ju akẹ́kọ̀ọ́ méjì lọ. Iye kékeré kì í fi ìdí ẹ̀bi múlẹ̀ dáadáa, kì í sì í fi ìdí ìyìn múlẹ̀.

6.0 Èyí Kì í Ṣe Àwáwí

Ẹnìkan lè sọ pé àwáwí ni a fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ṣiṣẹ́. A kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ ìwádìí CREDO ní Yunifásítì Stanford gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ orí ayélujára tí ìjọba ń náwó sí ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ tàbí iléeṣẹ́ mìíràn ń darí. Àwọn olùwádìí náà kò kàn fi èsì wé èsì. Fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá àwọn tí ó jọ ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ti orí ayélujára: kíláàsì kan náà, ẹ̀yà kan náà, ipò ìṣẹ́ tàbí ọrọ̀ kan náà, èsì ìdánwò àtẹ̀yìnwá kan náà. Pẹ̀lú gbogbo ìtọ́jú yìí, àwọn ti orí ayélujára ṣì rẹ̀yìn. Nínú ọdún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ 180, àfàsẹ́yìn wọn nínú ìwé kíkà dà bí ọjọ́ 72. Nínú ìṣirò, ó dà bí ọjọ́ 180, bí ẹni pé wọn kò kọ́ ìṣirò rárá ní ọdún náà.

A rí i pé bíbéèrè irú ẹni tí ó wọlé kì í dá ilé-ẹ̀kọ́ láre ní gbogbo ìgbà. Nígbà mìíràn, òun gan-an ni ó ń fi ìkùnà hàn kedere tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè sọ pé irú ọmọ tí wọ́n kó wá ni ó fà á. Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí èsì àtẹ̀yìnwá kì í sọ: ọmọ tí ó sá fún ìfìyàjẹni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí ọmọ tí àìsàn gbé dè sórí ibùsùn. Ìwádìí tí ó péye yóò fi ààyè sílẹ̀ fún ìwọ̀nyí náà.

Kíka ẹni tí ó wà ní kíláàsì tún jẹ́ ìṣòro lọ́tọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ohio, ilé-ẹ̀kọ́ ńlá orí ayélujára kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Electronic Classroom of Tomorrow, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, ti ilẹ̀kùn ní oṣù kìíní ọdún 2018. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti ní kí ó dá nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù dọ́là padà lórí ọdún ẹ̀kọ́ 2015 sí 2016, nítorí kò lè fi ẹ̀rí hàn pé púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba owó lé lórí ṣe iṣẹ́ tí ó tó ìwọ̀n wákàtí tí òfin béèrè. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá ìjọba láre ní ọdún 2018. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan ilé-ẹ̀kọ́ kékeré náà: kí orúkọ wà nínú ìwé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ọmọ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́.

7.0 Ohun tí Ó Kan Olùkọ́ Èdè Abínibí

Kíláàsì èdè abínibí ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama wa dà bí ilé-ẹ̀kọ́ àfidípò yìí ní ọ̀nà mẹ́ta: ó kéré, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò dọ́gba, ẹlòmíràn ni ó sì ń fi òṣùwọ̀n gbogboogbò wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo kíláàsì Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, níbi tí ọmọ gbogbo ìpínlẹ̀ ti pàdé. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 ti rọ̀ wá pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀kan nínú èdè ńlá mẹ́ta tí kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Ìsẹ́yìn tí ó fi Yorùbá lá àlá àti ọmọ Calabar tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń pe gb lè jókòó sí orí àga kan náà. Ọmọ Èkó kan wà láàárín wọn pẹ̀lú, Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ sí i nílé. Bí a bá da èsì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ni iye kan ṣoṣo tí ó bá jáde yóò sọ fún wa nípa ìkọ́ni? Ọmọ Calabar tí ó gba C6 nínú ìdánwò WAEC lè ti rin ìrìn-àjò tí ó jìn ju ti ọmọ Ìsẹ́yìn tí ó gba B2 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún kíláàsì Haúsá ní Ẹnugu àti kíláàsì Ígbò ní Kánò.

Àwọn aṣíwájú wa mọ ọ̀nà yìí. Nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, wọn kò kàn kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà kí wọ́n sì kéde èsì. Wọ́n ní àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n fi ń wé wọn, tí ẹ̀kọ́ tiwọn yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àfiwé yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ títí di òní.

Lọ́dún 2020 tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí púpọ̀ nínú wa gba orí fóònù kọ́ni, a rí i pé ẹni tí kò ní dátà tàbí iná mànàmáná kò sí nínú kíláàsì, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ wà nínú ìwé. Lónìí tí kíláàsì èdè orí ayélujára fún àwọn ọmọ wa ní ìlú òkèèrè ń pọ̀ sí i, ìbéèrè náà ti di tiwa tààrà. Nítorí náà, a dá àwọn àbá wọ̀nyí:

(i) Kí olùkọ́ kọ ipò akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: èdè tí ó ń sọ nílé, ọdún tí ó ti fi kọ́ èdè náà, àti ohun tí ó lè kà tàbí kọ.
(ii) Kí ó kọ iye ènìyàn síwájú ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. “Márùn-ún nínú mẹ́sàn-án” sọ òtítọ́ ju “ìdá 56” lọ.
(iii) Kí ó kó èsì ọdún mẹ́ta pọ̀ kí ó tó sọ pé kíláàsì ń gòkè tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀.
(iv) Kí ó ya èsì àwọn tí èdè náà jẹ́ èdè ilé wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn tí ó ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí èdè kejì.
(v) Kí ó ṣọ́ àṣírí ọmọ. Èsì tí a fi lè mọ ẹnì kan kì í ṣe ohun tí à ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri.
(vi) Ní ti kíláàsì orí ayélujára, kí ó ka iṣẹ́ tí ọmọ ṣe, kì í ṣe iye ìgbà tí orúkọ rẹ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà.

Bí olùkọ́ bá ní àkọsílẹ̀ yìí lọ́wọ́, ọ̀nà yóò wà láti dá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lóhùn ní ọjọ́ tí ó bá na ìwé èsì síta. Bí kò bá sì ní in, ẹ̀bẹ̀ ni yóò kù fún un láti bẹ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré orí ayélujára tí ó ń gba àwọn tí ẹ̀kọ́ ti dàrú mọ́ lọ́wọ́ kò ṣe é fi òṣùwọ̀n ọdún mẹ́rin nìkan wọ̀n, nítorí àwọn tí ó wọlé síbẹ̀ ti gbé gbèsè àkókò wá láti ibòmíràn. A rí i pé nínú iye kékeré, ẹnì kan tàbí ẹni méjì lè yí èsì padà, àti pé àpapọ̀ lè sọ ìdàkejì ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan sọ. A sì rí i pé bíbéèrè irú ẹni tí ó wọlé lè dá ilé-ẹ̀kọ́ láre, ó sì lè dá a lẹ́bi. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Ẹni tí yóò wọn gígùn wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ìka tí ó mú lọ́wọ́. Àwa tí a ń kọ́ èdè abínibí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ máa kọ èyí sílẹ̀, nítorí àwọn kíláàsì tiwa ni èsì tí kò lálàyé tètè máa ń pa.